Kòkòrò Tó Ń Jobì, Inú Obì Ló Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Èyí tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló fi ṣelé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó sún mọ́ni ni í ṣeni, àti pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, ará ilé ni kí a kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Bátìrì mọ́tò ìyá mi ló kọ́ mi pé n kò tí ì gbọ́ ìdajì òwe náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Mo pè é ní ẹjọ́, n kò pè é ní ìtàn, nítorí pé èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ni mo jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èyí náà tún bí òmíràn, títí ó fi di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìwé kò sí láti kà, tí ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dilẹ̀, mo di awakọ̀ ìyá mi.

Aṣọ àǹkárá ni ìyá mi ń tà. Ọjà ọrún kan ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn ló máa ń ná. Ẹni tó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń ka ọjà yóò mọ̀ pé bí a bá ná ọjà lónìí, a ó ka òní mọ́ ọn kí a tó dé ọrún. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni a máa ń lọ. Mọ́tò tòkunbọ̀ kékeré kan ni a fi ń lọ, mọ́tò tó ti dàgbà ju ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ lọ. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n gan-an láti oṣù kejì ọdún náà lẹ́yìn tí epo tí kò dára wọ̀lú, nítorí náà, bí a bá ti tọjà dé, mọ́tò kì í tún kúrò lójú kan mọ́ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹta, ní ìdájí ọjọ́ ọjà kan, mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ní kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́. Ìyá mi ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti so gèlè, ó ti gbàdúrà ìrìnàjò. A pe àwọn aládùúgbò, wọ́n bá wa ti mọ́tò kúrò lójúlé dé ìdí ọ̀pẹ, kó tó jí. Ẹni tó ń sájì bátìrì ní òpópónà wa wò ó, ó ní bátìrì ti gbó, kí a ra tuntun. A ra tuntun, bátìrì áńpíà 45, owó rẹ̀ sì dun ìyá mi dé egungun. Láti ìgbà náà títí oṣù kẹrin fi parí, mọ́tò kò tún ṣe wá ní nǹkan kan. A dúpẹ́, a ní a ti rí ojútùú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, nǹkan yí padà. Ọjọ́ ọjà kejì lẹ́yìn ọdún, bátìrì tuntun náà kú fin-ín. A sájì rẹ̀. Ọjà kan kọjá, kò sí nǹkan. Ọjà kejì, ó tún kú. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ṣáná sí mọ́tò, ó fi mítà wò ó, ó bá fóòtì 14 àti ìdá díẹ̀, ó ní alternator ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, ó ń bọ́ bátìrì dáadáa. A dé ilé, ọjà mẹ́ta tún kọjá ní àlàáfíà, ọjà kẹrin, ó kú. Ohun tó bàjẹ́ pátá rọrùn í túnṣe. Èyí tó bàjẹ́ lónìí, tó sàn lọ́la, tó tún bàjẹ́ ní ọ̀túnla, òun ló ń sọni di wèrè. Bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ara rẹ̀ á yá. Bí a bá gbé e padà délé, àìsàn á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí ohun kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tó ń ka owó ọjà, ó gbójú sókè, ó ní, “Ǹjẹ́ o ṣàkíyèsí pé bí ọjà kò bá tà ni mọ́tò yìí máa ń kú? Bí mo bá tà gbogbo aṣọ mi tán, ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, wẹ́rẹ́ ni yóò ṣáná. Bí ọjà bá kùtà, àfi kí a tì í.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màámi, mọ́tò kò mọ owó o. Kò sí ohun tó kan bátìrì kan ọjà yín.”

Ó ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé kì í kí obìnrin aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ mọ́. Bí obìnrin náà bá na omi sí i, kì í mu ún. Àwọn méjèèjì ti jọ ń ná ọjà yìí kí wọ́n tó bí mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Mo ní èmi tí mo ti dé yunifásítì, n kò ní í jókòó kí wọ́n máa sọ pé obìnrin kan ń fi ojú jẹ bátìrì. Mo pinnu pé n ó wá ẹni tó ń ṣe é ní tòótọ́, ẹni tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ojú mi sì lọ sára àbúrò mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ti dolóògbé ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ń múra ìdánwò tí wọn yóò ṣe ní oṣù keje. Òun ló ń fọ mọ́tò, òun ló sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Mo ti bá a nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan rí, tó tan rédíò, tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Mo wí fún ìyá mi pé ọmọ yìí ló ń jókòó sínú mọ́tò lóru, tó ń tan rédíò, tó sì ń fi bátìrì sájì fóònù. Ìyá mi kò gbà á. Ó ní ọmọ náà kì í purọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, mo jáde lọ tọ̀, mo bá a tó dúró sẹ́yìn mọ́tò nínú òkùnkùn, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, “Kí lò ń wá níbí láago méjì òru?” Ó ní, “Bùọ̀dá, ìtọ̀ ló gbé mi jáde. Mo wá rí iná kan lára mọ́tò lẹ́yìn níbí. Ó tín-ín-rín bí òwú. Mo ní kí n wò ó.” Mo wo ẹ̀yìn mọ́tò láti ibi tí mo dúró, n kò rí iná kankan. N kò bẹ̀rẹ̀ bí òun ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbá a létí, mo fà á wọlé, mo jí gbogbo ilé, mo ní olè tí mò ń wá nìyí, irọ́ ló sì kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ iná tín-ín-rín. Bí ó ti ń tẹnu mọ́ ọn tó ni mo ń gbà pé irọ́ ni, nítorí ta ni í rí iná lára mọ́tò tí a ti pa?

Ní àárín oṣù kẹfà náà, ìyá mi di ẹrù rẹ̀, ó ní kó padà sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ògùn títí ọkàn òun yóò fi rọ̀. Ẹ wá wo bí Èṣù ṣe ń ti irọ́ lẹ́yìn: láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ, mọ́tò kò kú mọ́! Ọjà kan, ọjà méjì, ọjà mẹ́ta, ọjà mẹ́rin, bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn. Mo ń fi àyà sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo ní, “Màámi, ẹ ò rí i? Àjẹ́ dà?” Ìyá mi kò fèsì, ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí obìnrin tó kọjú sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ìwé ni mo fi lé ọ̀rọ̀ àjẹ́ jáde nílé wa. N kò mọ̀ pé ṣe ni mo kàn gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn àgbàlagbà kan, tí mo gbé e kọ́ ọmọdé lọ́rùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ni ọdún Iléyá bọ́ sí ní 2022. Ọjọ́ ọjà kejì lẹ́yìn ọdún, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mọ́tò dákẹ́. Ìyá mi yíjú sí mi, kò sọ nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó wọlé lọ. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí mo lé lọ wà ní Òkè-Ògùn. Ta ló wá jẹ bátìrì?

Lọ́jọ́ náà ni mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ríwáyà lọ. Abẹ́ igi ọdán ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ wáyà mọ́tò láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo rò pé wọn yóò gbé irinṣẹ́, kí wọ́n sáré tẹ̀ lé mi. Wọn kò gbé nǹkan kan. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní, “Ìgbà wo ló máa ń kú?” Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ìgbà wo ni kì í kú?” Mo ní, “Bàbá, ìgbà tó ń kú ni wàhálà wa.” Wọ́n ní, “Ìgbà tí kì í kú gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí ara yá aláìsàn ni í tú àṣírí rẹ̀. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ wá.”

Mo padà sílé, mo ka gbogbo ọjọ́ ọjà láti oṣù kẹta, mo kọ èyí tó kú àti èyí tí kò kú. Nígbà tí n kò rántí àwọn ọjọ́ mìíràn, mo yá ìwé ọjà ìyá mi, èyí tó fi ń kọ iye aṣọ tó gbé lọ, iye tó tà àti iye tó kù. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì dákẹ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí aṣọ kù, bátìrì kú. Gbogbo ìgbà tí aṣọ tán, bátìrì yè. Kò sí ẹyọ kan tó yà lẹ́sẹ̀. Bátìrì tuntun tí a rà kò kú ní oṣù kẹrin nítorí pé àwọn ènìyàn ń ra aṣọ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ nígbà náà. Mọ́tò kò kú lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ nítorí pé aṣọ Iléyá ń tà. Ohun tí ìyá mi sọ, tí mo fi rẹ́rìn-ín, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Bàbá, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn tìtìjú-tìtìjú. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìyá rẹ lójú. Ohun tó rí wà níbẹ̀. Ibi tí ó gbé e lọ ni kò wà níbẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ, o rí i pé ibi tí ó gbé e lọ kò dára, o wá sọ ohun tí ó rí nù pẹ̀lú rẹ̀.” Wọ́n bi mí léèrè pé, “Kí ni ọjà tí kò tà ń fi sínú mọ́tò, tí ọjà tó tà kì í fi síbẹ̀?”

Mo ní, “Aṣọ ni, Bàbá. Yàrá ìkẹ́rù wa ń jò, nítorí náà, bí aṣọ bá kù, inú búùtù ni ó máa ń wà títí di ọjọ́ ọjà mìíràn.”

Wọ́n dìde. Wọ́n ní, “Ó yá, gbé mi lọ.”

Nígbà tí a délé, bátìrì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sájì ti wà nídìí rẹ̀, fóòtì 12.6 ni mítà kà lórí rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó kún. Bàbá ní kí n kó gbogbo aṣọ jáde ná, kí n sì ti gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n yọ wáyà kúrò ní orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù, wọ́n fi ẹnu mítà kan kan wáyà náà, wọ́n fi ẹnu kejì kan orí bátìrì. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí a bá ṣe báyìí, kò sí iná tó lè jáde nínú bátìrì láìgba inú mítà kọjá, mítà yóò sì máa ka iná náà bí oníbodè ṣe ń ka èrò. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, nítorí ibi tí a ki okùn mítà bọ̀ kò lè gbà ju áńpíà 10 lọ, sítátà sì lè fa ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà kà 0.03. Wọ́n ní, “Èyí kò burú. Aago mọ́tò àti rédíò ní láti jẹ díẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé ara wọn. Ẹni tí kò bá bi ọ́ ní ìbéèrè, ibí yìí ni ì bá ti dúró, ì bá sì sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò rẹ.”

Wọ́n wá ní, “Di ẹrù bí o ṣe máa ń dì í bí ọjà kò bá tà. Kí o sì ti búùtù bí o ṣe máa ń tì í.”

Mo kó ìdì aṣọ wọ̀ ọ́. Ó kún ju ẹnu lọ, bí ó ti máa ń kún. Mo gbé ọmọrí búùtù lé e, kò dé. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo fi ìdí jókòó lé e lórí bí mo ti máa ń ṣe, ó dún kọ̀, ó dé. Mo padà wá síwájú. Bàbá fi ìka han mítà. 0.45 ló ń kà.

Ẹ̀rù bà mí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò sí rédíò tó ń kọrin, kò sí iná tó tàn lójú wa. Bàbá ṣí ilé fíùsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíùsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo mítà, wọ́n sì ń dá èyí tí wọ́n bá yọ padà kí wọ́n tó yọ òmíràn. Èkíní, mítà kò yí. Èkejì, kò yí. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀kẹfà, mítà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí ilé fíùsì. Wọ́n ní, “Fíùsì iná inú mọ́tò nìyí. Àwọn gílóòbù tó ń tàn bí a bá ṣílẹ̀kùn, àti èyí tó wà nínú búùtù.” Wọ́n yẹ inú mọ́tò wò láti ojú fèrèsé, kò sí gílóòbù tó tàn níbẹ̀. Wọ́n dá fíùsì padà, mítà gòkè sí 0.45.

Ó ku búùtù. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi sì dún létí mi bí ẹni pé ó dúró tì mí: iná kan, Bùọ̀dá, ó tín-ín-rín bí òwú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí mo ṣe bá a tó bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ní ibi tí rọ́bà etí búùtù ti jẹ, lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tó dúró gángan kò lè rí, ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀. Kò fẹ̀ ju okùn abẹ́rẹ́ lọ. Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bàbá ṣí búùtù, wọ́n ní kí n fọwọ́ kan gílóòbù inú rẹ̀. Ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Wọ́n wá fi bọ́tìnnì kékeré kan hàn mí lẹ́bàá ibi tí ọmọrí ti ń há. Bí ọmọrí bá wálẹ̀ tán, á tẹ bọ́tìnnì náà, gílóòbù á kú. Ṣùgbọ́n irin tó gbé bọ́tìnnì náà dúró ti tẹ̀, bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ sì ti jẹ. Bí búùtù bá ṣófo, ọmọrí á jókòó dáadáa, á tẹ̀ ẹ́. Bí ẹrù bá ń ti ọmọrí láti ìsàlẹ̀, á há lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ku díẹ̀ kó dé orí bọ́tìnnì. Gílóòbù á máa tàn nínú òkùnkùn, lórí aṣọ tí kò tà, fún ọjọ́ mẹ́rin.

Wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀. Gílóòbù wáàtì 5 ni. Bí a bá fi fóòtì 12 pín in, ó ń jẹ nǹkan bí áńpíà 0.42. Ó kéré, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wákàtí 84 ni. Bí a bá sọ 0.42 di ọ̀nà 84, ó lé ní 35. Bátìrì wa kò sì ju 45 lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ kò lè yí sítátà. Bàbá ní bátìrì olójé, irú èyí tí ará Faransé kan, Gaston Planté, kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1859, kò fẹ́ kí a máa jẹ ẹ́ tán. Bí a bá ń jẹ ẹ́ tán léraléra, ojé inú rẹ̀ á di òkú. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí bátìrì tí a kọ́kọ́ sọ nù má tilẹ̀ gbó. Ó lè jẹ́ pé àwa ni a fi ebi pa á.

Wọ́n tẹ irin náà tọ́, wọ́n fi bọ́tìnnì mìíràn síbẹ̀, wọ́n sì ní kí n má fi ìdí ti búùtù mọ́. Owó tí wọ́n gbà kò tó owó ọkọ̀ èrò lọ sí Òkè-Ògùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá gbọ́ ibi tí òwe mi já sí. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà lóòótọ́. Ta ló ń kó ẹrù kún búùtù? Èmi ni. Ta ló ń fi ìdí jókòó lé ọmọrí kó lè há? Èmi náà ni. Èmi tí mo ń wá olè káàkiri, ọwọ́ mi ló ń tan iná, ìdí mi ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni kan ṣoṣo tó fi ojú ara rẹ̀ rí iná náà ni mo gbá létí.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, “Èmi náà fura sí ẹni ẹlẹ́ni. N ó lọ bá a lọ́la. Ṣùgbọ́n ìwọ, ojú gbogbo ilé ni o ti pe ọmọ yìí ní olè. Ojú gbogbo ilé ni o ó ti kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ.”

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ògùn. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Mo bá a lóko, ó ń ro àárín ebè pẹ̀lú ìyá bàbá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, mo sì sọ níwájú rẹ̀ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ yìí, pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, kó dárí jì mí. Ọmọ náà fi ọkọ́ ti, ó ń wo ilẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, tàbí kó sunkún. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ wá rí iná náà?”

Mo ní, “Mo rí i.”

Ó ní, “Ó tín-ín-rín, àbí?”

Mo ní, “Ó tín-ín-rín bí òwú.”

Ó mi orí, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó parí ebè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tẹ̀ lé mi. A dé Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, a pe gbogbo ilé jọ, mo sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ bí ìyá mi ti wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ṣeé kó jẹ, àkókò kò ṣeé kó. Wọ́n ti ṣe ìdánwò tán nígbà tí a dé. Kíláàsì kẹta náà ni àbúrò mi tún jókòó sí ní ọdún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti rékọjá. Bí mo bá rántí ìyẹn, n kì í lè fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín bí àwọn tó gbọ́ ọ ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ti kàwé, a ó sì tún kà sí i. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ohun tí ìwé lè ṣe fún ẹni. Ó lè jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ṣẹ̀sín nítorí pé wọn kò sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ kí a rò pé bí a bá ti kọ̀ láti pe ẹnìkan ní àjẹ́, a ti di olóòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni a fẹ́ pè ní olè. Kí a tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a béèrè bí Bàbá Ríwáyà ṣe béèrè: ìgbà wo ni kì í ṣẹlẹ̀? Kí a sì fi sùúrù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò níbi tí ọmọdé ní òun ti rí iná.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣi ẹjọ́ dá. Ó dọdún tó ń bọ̀.